Sípíkà Tí Yóò Pe Adéfọlá Dé Etí Bridget

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin

Aishah, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Èmi ni mo bí ọ, ìwọ kọ́ lo bí mi.

Ọláoyè, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, wá sílé lánàá. Ó jẹ iyán, ó mu omi, ó nu ẹnu, kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí ọjọ́ ẹgbẹ́ tí a máa ń ṣe lọ́dọọdún ní páàkì, pé ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà ni tọdún yìí. Ó ní bí orin wa bá tún rí bó ṣe rí ní èṣí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan, láti ọdún tó ń bọ̀ DJ ni yóò gba gbogbo ọjọ́ náà. Kí àwa àgbà máa jókòó jẹun.

Mo ní, "Ta ni yóò wá máa pe orúkọ àwọn òkú? Ṣé DJ ni?"

Ó ní, "Mama, a lè kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri."

"Páàkì wo ló ní ògiri?"

Mo bu ẹran kún tirẹ̀, ó jẹ ẹ́.

Mo ti ń kọ wákà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí wọ́n tó bí Ọláoyè. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà ní Garland, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, èmi ni mo sì máa ń fi orin pe àwọn tó bá kú nínú ẹgbẹ́ láàárín ọdún. Bí mo bá ti pe orúkọ ẹnì kan, àwọn ará ilé rẹ̀ á dìde dúró, gbogbo èrò á sì dákẹ́ fún wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ kò lè dìde.

Ní èṣí mo pe Adéfọlá, ọkọ Bridget. Sípíkà tí a yá ń dún gbì-gbì bí ẹni ń gún èlùbọ́. Bridget wà lẹ́yìn lábẹ́ igi, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Kò gbọ́, kò dìde. Ó lọ sílé, ó ní mo fo ọkọ òun. Láti ọjọ́ náà kò pè mí mọ́.

Yíyá ti parí. A óò ra tiwa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Yìnyín bọ́ ní òwúrọ̀, ó tóbi tó ẹyin adìyẹ. Orí mọ́tò Aishah dà bí ọpọ́n ayò. Ẹyin adìyẹ fúnra rẹ̀ sì ti wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Aishah fi mọ́tò gbé mi lọ sílé Bridget ní DeSoto. Bridget ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò yẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ìyá Aishah. Ṣé ẹ ṣìnà ni?"

"N kò ṣìnà. Mo pe ọkọ rẹ ní èṣí."

"Etí mi kò gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. N óò tún un pè."

"Ẹ máa pè é nílé yín. Ọbẹ̀ mi wà lórí iná."

Ó ti ilẹ̀kùn. Aishah ń bínú nítorí mi. Mo ní kó wa mọ́tò. Bridget kúkú kí mi, kò sì parọ́, ọbẹ̀ ń ta sánsán.

Ohun kan ni mo rí. Bridget ti ń fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí etí òsì báyìí. Etí bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ń wá. Sípíkà tí Bridget bá gbọ́, gbogbo páàkì ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

A lọ sí ilé ìtajà ohun èlò orin kan ní Dallas, èmi, Aishah àti Túndùn tó máa ń gbe orin mi. Khalid lorúkọ ẹni tó dá wa lóhùn, ọkùnrin gíga kan tó di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wáàtì fún Aishah.

Mo ní, "Aishah, sọ fún un pé n kò mọ wáàtì. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Ta ni yóò gbé e? Bí iná kò bá sí, ṣé yóò sọ̀rọ̀? Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi ní ọ̀ọ́kán, ṣé ọ̀rọ̀ ni yóò gbọ́ àbí ariwo?"

Khalid ní àwọn olórin tó ń wá sọ́dọ̀ òun kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Aishah bi í bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ ohun tí àwọn yẹn ń kọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àga fún mi.

Ó kọ́kọ́ fi ńlá kan hàn wá, ó tó fíríìjì. Ó fi orin sí i, egungun àyà mi gbọ̀n. Túndùn ní, "Àlájà, eléyìí lágbára o!" Mo ní ta ni yóò gbé agbára náà jáde kúrò nínú mọ́tò, ṣé orókún rẹ tó ń ké yẹn ni? Èmi kì í fi orin ẹlòmíì yẹ sípíkà wò. Mo gba máìkì, mo kọrin. Ẹ̀rọ náà gbé ohùn mi jù sínú ìkòkò, ó dé e. Mo ní kó gbé e kúrò.

Òfin tí mo ṣe nìyí: ohun tí èmi àti Túndùn kò bá lè gbé sẹ́yìn mọ́tò, a kò ní rà á. Aago kan ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ orin ní èṣí. Ẹni tó ní òun yóò bá wa gbé sípíkà dé ní aago mẹ́ta, ó tún ń béèrè oúnjẹ.

A dán mẹ́rin wò. Ìkẹrin kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, ó ní táyà nídìí, ó ní bátìrì nínú. Mo kọrin sí i, ọ̀rọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìrẹsì tí kò lẹ̀. Èmi àti Túndùn gbé e. Orókún Túndùn ké, ṣùgbọ́n a gbé e. A rà á. Khalid ní ọgbọ̀n ọjọ́ wà níwájú wa tí a bá fẹ́ dá a padà. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo ní kí Aishah pe Bridget lórí fóònù, kó sọ fún un pé etí rẹ̀ ni mo fẹ́ yá, n kò bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi rẹ́rìn-ín. Aishah ní òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo gba fóònù, mo sọ ọ́ fúnra mi.

Bridget wá. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ sí òpin ibi ìgbọ́kọ̀sí sítọ́ọ̀ kan tó ti kógbá wọlé, ó sọ gíláàsì kalẹ̀ dé ààbọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Àwa wà ní òpin kejì. Ọládèjì gbé agídìgbo rẹ̀ wá. Àgbàlagbà tó mọ iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó kọjú máìkì sí sípíkà, ẹ̀rọ náà han bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Mo ní kó yí padà. Ó yí padà, ẹ̀rọ náà dákẹ́.

Ọládèjì ní, "Àlájà, ẹ kúkú pe Adéfọlá, ká wò ó bóyá ìyàwó rẹ̀ máa gbọ́."

Mo ní, "A kì í fi orúkọ òkú dán ẹ̀rọ wò."

Orí Ọláoyè ni mo gbé orin lé. Mo kọ ọ́ pé Ọláoyè akọ̀wé jẹ òkèlè ńlá, ó jẹ iyán àwo mẹ́ta, ó ní ọkàn òun fúyẹ́. Aishah pe Bridget lórí fóònù, ó bi í ohun tó gbọ́.

Bridget ní, "Sọ fún ìyá rẹ pé mo gbọ́ wọn pé Ọláoyè jẹ iyán àwo mẹ́ta. Irọ́ ni. Márùn-ún ló ń jẹ."

Ó gbé gíláàsì sókè, ó lọ. Kò dágbére. Ẹ̀rọ náà yege.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kárùn-ún

A ṣe ìkómọ ní Balch Springs, lẹ́yìnkùlé. Mo gbé sípíkà sí ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi. Ó dára ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo ki bàbá ọmọ, mo ki ìyá ọmọ, inú wọn dùn, wọ́n dìde wá náwó fún mi. Àwọn ẹbí tẹ̀lé wọn, ọ̀rẹ́ tẹ̀lé ẹbí. Èrò yí mi ká bí ògiri. Mo ń kọrin lọ.

Nígbà tó parí, mo bi Aishah tó wà nídìí ìkòkò oúnjẹ bó ṣe gbọ́ ọ sí.

Ó ní, "Mama, ṣé ẹ fẹ́ òótọ́?"

"Mo bí ọ fún irọ́ ni?"

Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í náwó ni àwọn tó wà lẹ́yìn kò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Aṣọ àti ara èèyàn ló bo sípíkà mọ́lẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ agídìgbo díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu mi bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé.

Mo jókòó sínú mọ́tò, mo ń rò ó títí a fi dé Garland. Mo ti rántí. Ní èṣí, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, wọ́n ṣì ń náwó fún mi. Wọ́n dúró gbágbáágbá síwájú sípíkà. Mo rí wọn. N kò ní kí wọ́n yẹ̀, nítorí owó tó wà níwájú orí mi dùn mọ́ mi. Odindi ọdún kan ni mo fi ń bú ohun tí a yá.

Èmi ni mo bo ọkọ Bridget mọ́lẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọgbọ̀n ọjọ́ pé. A gbé sípíkà padà lọ. Orílẹ̀-èdè yìí yani lẹ́nu: o ó lo ọjà, o ó dá a padà, ọlọ́jà á tún kí ọ pé o ṣeun.

Khalid béèrè ohun tó ṣe é. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, àwa la ṣe nǹkan. A dán an wò nínú sítọ́ọ̀ rẹ̀, a dán an wò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo. Ta ló máa ń náwó fún olórin níbi tí kò séèyàn? Aishah ṣàlàyé fún un pé bí orin wa bá dùn, àwọn èèyàn á jáde wá lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí.

Khalid wò mí títí. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án ni òun ti ń fi gìtá ṣeré lópin ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó lẹ bébà lásán mọ́ òun lórí rí.

Mo ní, "Bóyá wọn kò tíì gbọ́ ohun tó ń kọ."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fọwọ́ ti káńtà. Lẹ́yìn náà ó gbé sípíkà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò wúwo tó àpò ìrẹsì kékeré. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń dúró lé, irin náà sì ń gùn sókè bí o bá ṣe fà á. Mo ní kí Khalid dúró sí abẹ́ rẹ̀. Ó ga kọjá orí rẹ̀, Khalid sì ga ju ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa lọ. Bátìrì wà nínú méjèèjì, èkejì sì lè dúró lọ́nà jíjìn láìsí wáyà láàárín wọn. Ohùn tó bá ti orí òkè wá, ikùn ẹnikẹ́ni kò lè dí i.

Ó ṣe ìkìlọ̀ kan fún wa: atẹ́gùn. Ó ní ká fi ohun wúwo lé irin náà lẹ́sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ atẹ́gùn Texas yóò gbé e lu èèyàn. Mo ní a ní gaàrí nílé.

A rà wọ́n. Túndùn dá gbé ọ̀kan. Orókún rẹ̀ kò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Lẹ́ẹ̀kejì yìí mo fi èèyàn dán an wò. Obìnrin mọ́kànlá láti ẹgbẹ́ àdúrà wa wá sí ẹ̀yìnkùlé Túndùn. Mo pín bébà ìnuwọ́ fún wọn, mo ní kí wọ́n yí mi ká, kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lórí bí ẹni náwó. Wọ́n kọ́kọ́ ń tijú. Nígbà tó yá wọ́n gbàgbé pé bébà ni, wọ́n ń jà kí ọwọ́ wọn lè kàn mí.

Bridget wà nínú mọ́tò rẹ̀ ní ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ọgbà. Àdéhùn wa ni pé bó bá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, kó fọn fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ ọ́ lórin pé ìrẹsì Túndùn jóná ní Iléyá èṣí, a sì jẹ ẹ́ nítorí Ọlọ́run.

Fèrè dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Túndùn ju ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló ní ó jóná?"

Mo ní, "Gbogbo àdúgbò ti wá gbọ́ ọ báyìí. Sípíkà ti dára."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ọgbọ̀n

Ooru. Mo fi sípíkà gbọ́ wáàsí láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Wáàsí tán, bátìrì kò tán.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà

Iléyá. Àgbò wọ́n bí ilé. Ìrẹsì Túndùn kò jóná. Ó dúró tì mí títí mo fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọláoyè mú orúkọ àwọn òkú ọdún yìí wá, ó kà wọ́n fún mi, mo há wọn sórí. Méje ni wọ́n. Mo ní kó fi Adéfọlá kún un.

Ó ní, "Mama, ti èṣí nìyẹn. Ẹ ti pè é."

"Mo pè é, ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́. Orúkọ tí ará ilé òkú kò gbọ́, a kò tíì pè é."

"Bí a bá ṣe é fún ẹnì kan, gbogbo wọn á fẹ́ ẹ. Òfin ìgbìmọ̀ ni."

Mo ní, "Ọláoyè, ọdún wo lo dé Dallas?"

Ó ká ìwé orúkọ náà, ó tún tú u.

"Yàrá ta lo kọ́kọ́ sùn sí?"

Ó wo bàtà rẹ̀. Yàrá Adéfọlá ni. Ibẹ̀ lèmi náà sùn fún oṣù méjì kí Aishah tó rí ilé. Adéfọlá fúnra rẹ̀ wà ní pálọ̀ lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ jáde.

Ọláoyè ní, "Mama, òun nìkan o." Ó kọ ọ́. Lọ́jọ́ yìí, n kò gbé oúnjẹ fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

A dé páàkì kí oòrùn tó le. Èmi àti Túndùn gbé ẹrù wa jáde, a kò pe ọkùnrin kankan. Sípíkà kan wà níwájú, èkejì wà lẹ́yìn nítòsí igi. Àpò gaàrí méjì méjì wà lẹ́sẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn fẹ́ títí, kò rí nǹkan gbé ju fìlà Ọládèjì lọ.

DJ gbé ẹ̀rọ bí ilé wá. Ó ki gbogbo wáyà rẹ̀ bọ ojú iná kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ki ìkòkò ìrẹsì wọn bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní aago méjìlá ààbọ̀ iná páàkì kú. DJ dákẹ́, ìrẹsì dákẹ́. Ọláoyè sáré wá bá mi, òógùn bò ó.

"Mama, ṣé tiyín..."

Mo ní, "Jókòó."

Ọládèjì fọwọ́ kan agídìgbo lẹ́ẹ̀kan, ó dún dé ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yíjú. A kọrin fún wákàtí kan. Wọ́n náwó fún wa, wọ́n yí wa ká, ohùn wa ń gba orí wọn kọjá. Aishah dúró lẹ́yìn, ó na àtàǹpàkò sókè sí mi.

Ìgbà tí àsìkò orúkọ tó, mo dá orin dúró. Mo ní, "Ẹ kó owó yín sápò. Ẹ padà sí àyè yín. Bí mo bá parí, ẹ lè fún mi, n kò ní sá lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ jókòó. Èèyàn kan kò lọ, mo pe orúkọ rẹ̀ nínú máìkì, ó lọ.

Mo pe méje. Ìdílé méje dìde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Bridget wà lábẹ́ igi, ní ibi tó wà ní èṣí gan-an, pẹ̀lú àwo mọ́ínmọ́ín lórí itan. Kò wò mí.

Mo kọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n:

*Adéfọlá Àkànó, ọmọ Ìjẹ̀bú,*
*Ó fi yàrá fálejò, ó sùn sí pálọ̀.*
*Àlejò jí, ó ní ṣé o sùn dáadáa?*
*Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún, kò sọ.*

Ṣíbí kékeré tó wà lọ́wọ́ Bridget dúró lójú afẹ́fẹ́. Ó gbé àwo sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi bébà nu ìka rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ó dìde. Ó fa ìró rẹ̀ gún, ó dúró.

Òun nìkan ló kọ́kọ́ dúró. Lẹ́yìn náà Ọláoyè dìde. Ọládèjì gbé agídìgbo kúrò lórí itan, ó dìde. Wọ́n ń dìde káàkiri pápá náà, àwọn tí n kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n gba yàrá yẹn kọjá rí. Wọ́n ju ogún lọ. Èmi ti wà lórí ìdúró tẹ́lẹ̀, ó bọ́ sí i fún mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, a ń tú irin, Bridget rìn wá bá mi. Kò gbá mi mọ́ra, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn, nítorí ooru.

Ó ní, "Ìyá Aishah, ariwo yín ti pọ̀ jù. Etí ń dùn mí."

Mo ní, "Kí lo kò ṣe yọ ẹ̀rọ etí rẹ?"

Ó ní, "Mo ti yọ ọ́ kí ẹ tó dé orí orúkọ. Mo ní bí mi ò bá tún ní gbọ́ ọ, kó jẹ́ pé ọwọ́ ara mi ló fà á."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpò gaàrí kan kúrò lẹ́sẹ̀ irin. Ó di apá kan sípíkà mú, mo di ìkejì mú, a gbé e lọ sínú mọ́tò. Túndùn ń rìn bọ̀ lẹ́yìn wa lọ́wọ́ òfo, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò gbé nǹkan kan.